Odídẹrẹ́ tí a gbà là: ta ni yóò gbà á sílé?

Nígbà tí òjò bá ń lọ sí òpin ní agbègbè Tchaourou, àwọn àgbẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣán oko tuntun fún iṣu. Ní Sanson, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Goro, ní Kika àti ní Tchatchou, àdá àti àáké kì í sinmi ní àsìkò náà. Àgbẹ̀ a gé àwọn igi kéékèèké, a sì dáná sí ìdí àwọn igi ńlá kí wọ́n lè gbẹ, kí oòrùn lè rí ebè. Àsìkò yìí náà ni odídẹrẹ́ kékeré aláwọ̀ ewé máa ń tọ́ ọmọ rẹ̀ nínú ihò igi. Igi tí àgbẹ̀ kà sí òjìji lórí iṣu rẹ̀, ilé ni lójú ẹyẹ.

Ká sọ pé ó ṣẹlẹ̀ báyìí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Igi gbígbẹ kan wó lulẹ̀ ní oko. Ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún 10, sáré lọ yọjú wo ihò tí ó wà lára igi náà. Ó bá ọmọ ẹyẹ méjì níbẹ̀. Ọ̀kan ti kú. Èkejì ṣì ń mí, ìyẹ́ ara rẹ̀ kò sì tíì pé. Ọmọ náà fi aṣọ rẹ̀ wé e, ó gbé e tọ bàbá rẹ̀ lọ.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n máa tọ́ ọ.”

“Ìwọ tí màmá rẹ ń bá jà lójoojúmọ́ kí o tó bu omi fún adìyẹ?”

Bàbá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹyẹ náà ti wà lọ́wọ́ ọmọ. Ìgbà wo ni yóò kú? Ta ni yóò fún un ní oúnjẹ? Ṣé kí wọ́n tọ́ ọ, ṣé kí wọ́n tà á fún ẹni tí ń kọjá lójú títì, àbí kí wọ́n dá a padà sínú oko? Ìpinnu tí ilé kan bá ṣe ní wákàtí díẹ̀ yìí lè di ọ̀ràn ọgbọ̀n ọdún.

Ẹyẹ tí à ń sọ yìí kì í ṣe odídẹrẹ́ onírù pupa tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀. Ó kéré jù ú lọ. Láti orí dé ìrù, ó tó sẹ̀ǹtímítà 23. Orí rẹ̀ dà bí eérú, ẹ̀yìn rẹ̀ ní àwọ̀ ewé tútù, ikùn rẹ̀ sì pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí ọsàn tí ó ń pọ́n. Bí ó bá ti dàgbà, ojú rẹ̀ a di òféèfèé bí ẹyin inú ẹyin adìyẹ; bí ó bá ṣì jẹ́ ọmọdé, ojú náà a dúdú. Àwọn elédè Faransé ń pè é ní “youyou”. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ó ń gbé, láti Senegal títí dé Ṣáàdì àti àríwá Kamẹrúùnù. Nítorí náà, ilẹ̀ Borgou jẹ́ ilé rẹ̀ gan-an. Abo rẹ̀ máa ń yé ẹyin bíi 3, yóò sàba lé wọn fún bíi ọjọ́ 28, àwọn ọmọ á sì wà nínú ihò fún bíi ọ̀sẹ̀ 9 kí wọ́n tó fò jáde. Ó fẹ́ràn èso ọ̀pọ̀tọ́ àti irúgbìn igbó. Ó tún fẹ́ràn ẹ̀pà àti àgbàdo, ìdí sì nìyí tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò fi fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ ní òwúrọ̀.

Odídẹrẹ́ onírù pupa ní tirẹ̀ jẹ́ ẹyẹ igbó dúdú. Ó tó sẹ̀ǹtímítà 33, ó sì wọ̀n tó gíráàmù 400. Ara rẹ̀ dà bí eérú, ìrù rẹ̀ pupa bí ẹ̀jẹ̀. Láti Côte d'Ivoire títí dé Kẹ́ńyà ni àwọn igbó rẹ̀ wà. Èyí ni ẹyẹ tí àwọn baba ńlá wa fi ń ṣe ẹ̀yẹ. Ìyẹ́ ìrù rẹ̀, ìkóódẹ, ni a ń fi sí orí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú awo, a sì ń rí i lára adé àwọn ọba. Ìlú Ìwó ní ilẹ̀ Nàìjíríà fi odídẹrẹ́ ṣe àmì ara rẹ̀ títí di òní. Ó sì yẹ kí a rántí ohun kan tí àwọn àgbà mọ̀ dáadáa: ẹyẹ a máa pa ìyẹ́ dà fúnra rẹ̀, ìyẹ́ àtijọ́ a sì jábọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ní sùúrù lè ṣa ìkóódẹ láì pa ẹyẹ.

Orúkọ rẹ̀ kejì ni ayékòótọ́. Wọ́n ní ó sọ ohun tí ó gbọ́, ó sọ ohun tí ó rí, ayé kò sì fẹ́ òtítọ́ náà. Ọgbọ́n yìí gan-an ni ó kó ẹyẹ náà sínú ewu. Nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, gbogbo ayé ni ó fẹ́ ní in nílé.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà mú un kò ṣòro láti ṣàpèjúwe. Ọdẹ ẹyẹ a gun igi lọ kó àwọn ọmọ nínú ihò. Tàbí kí ó so odídẹrẹ́ kan mọ́ ẹ̀ka kí ó máa ké, kí ó sì fi àtè sí àwọn ẹ̀ka tí ó yí i ká. Odídẹrẹ́ kì í gbọ́ igbe ẹgbẹ́ rẹ̀ kí ó kọjá lọ. Wọ́n á bà lé ẹ̀ka náà, àtè á sì mú wọn. Lẹ́yìn èyí, a ó gé ìyẹ́ apá wọn, a ó kó wọn pọ̀ sínú àgò tóóró, a ó sì gbé wọn rin ọ̀nà jíjìn láì ní omi tó. Púpọ̀ nínú wọn ni ó ń kú kí ọkọ̀ òfúrufú tó gbéra. Àwa Yorùbá a máa ṣàdúrà fún arìnrìn-àjò pé odídẹrẹ́ kì í kú sí oko ìwájẹ. Ní ti òwò yìí, ibẹ̀ gan-an ni ó ń kú sí.

Òwò náà pọ̀. Láti ọdún 1975, iye odídẹrẹ́ onírù pupa tí a mú láti inú igbó, tí a sì kọ sínú ìwé ìjọba pé wọ́n jáde láti Áfíríkà, ju mílíọ̀nù kan lọ. Àwọn tí ó kú sójú ọ̀nà kò sí nínú iye yìí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí a fi fàyàwọ́ kó jáde. Ní ilẹ̀ Gánà, àwọn onímọ̀ tí wọ́n padà lọ ka ẹyẹ náà rí i pé, láti ọdún 1992, nínú gbogbo 100 tí ó wà tẹ́lẹ̀, ó kéré tán 90 ti pòórá. Igbó tí ariwo wọn máa ń gbà kan ní ìrọ̀lẹ́ wá dákẹ́. Ẹyẹ kékeré aláwọ̀ ewé náà kò bọ́: ó wà lára àwọn ẹyẹ Áfíríkà tí a tà jù lọ sí òkè òkun ní àwọn ọdún tí ó lọ.

Àwọn orílẹ̀-èdè ti gbìyànjú láti dá òwò náà dúró. Àdéhùn àgbáyé kan wà tí a ń pè ní CITES. Ní ọdún 1973 ni a fọwọ́ sí i ní ìlú Washington. Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ wọ inú rẹ̀ ní ọdún 1984. Àdéhùn yìí pín àwọn ẹ̀dá igbó sí ìsọ̀rí gẹ́gẹ́ bí ewu tí ó wà lórí wọn. Ní ọdún 1992, Amẹ́ríkà ṣe òfin tí ó dín bí a ṣe ń kó ẹyẹ igbó wọlé kù gan-an. Ní ọdún 2005, nígbà tí àrùn ẹyẹ ń tàn kálẹ̀, àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù dá wọn dúró. Ní ọdún 2007, wọ́n sọ ìdádúró náà di èyí tí kò lópin. Àwọn oníṣòwò wá yíjú sí Éṣíà àti ilẹ̀ Lárúbáwá. Ní ìpàdé CITES tí ó wáyé ní Johannesburg ní ọdún 2016, wọ́n fi odídẹrẹ́ onírù pupa sí ìsọ̀rí kìn-ín-ní, níbi tí kò ti sí ẹni tí ó lè mú un láti inú igbó kọjá ẹnubodè fún òwò. Ìpinnu náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017. Ẹyẹ kékeré aláwọ̀ ewé wà ní ìsọ̀rí kejì: a kò gbọ́dọ̀ mú un kọjá ẹnubodè láì sí ìwé àṣẹ.

Nínú ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ pàápàá, òfin wà. Òfin ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá ọdún 2004 ni ó ń ṣe àkóso ẹranko igbó. Òfin míràn, ti ọjọ́ 8 oṣù keje ọdún 2021, kan òwò àwọn ẹ̀dá tí wọ́n wà nínú ewu ìparun. Àwọn aṣọ́gbó ìjọba, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Eaux et Forêts, ni wọ́n ń mójú tó wọn. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ilé àgbẹ̀ ní Sanson rọrùn láti sọ: ẹyẹ tí a rí ní oko kì í ṣe ọjà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le gan-an nìyí. Bí ènìyàn bá rí odídẹrẹ́ kan nínú àgò lójú títì, tí oòrùn ń pa á, tí ìyẹ́ rẹ̀ ti já, àánú á ṣe é. Ó lè rò pé bí òun bá rà á, òun ti gbà á là. Òótọ́ ni pé ẹyẹ kan yẹn kúrò nínú oòrùn. Ṣùgbọ́n owó ti wọ àpò ẹni tí ó mú un, ó sì ti mọ̀ pé ojú ọ̀nà yẹn dára fún títà. Ní ọjọ́ kejì, yóò padà sínú igbó. Owó àánú àti owó òwò kò ní àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́wọ́ oníṣòwò. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbà á là ní tòótọ́, àwọn aṣọ́gbó ni kí ó pè, kódà bí ó bá dùn ún láti fi ẹyẹ náà sílẹ̀ níbẹ̀ títí wọn yóò fi dé.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ìjọba bá gba irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀, Kamẹrúùnù fi hàn wá. Ilé ìtọ́jú ẹranko igbó kan wà ní ìlú Limbe, ní etí òkun, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1993. Láàárín ìparí ọdún 2007 àti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2008, àwọn aláṣẹ gba odídẹrẹ́ onírù pupa tí ó ju 1.000 lọ lọ́wọ́ àwọn onífàyàwọ́ ní pápákọ̀ òfúrufú Douala, wọ́n sì kó wọn wá sí Limbe. Kí a fojú inú wò ó: ilé tí ó mọ́ ìnàkí tọ́jú, ó gba ẹyẹ tí ó pọ̀ tó báyìí, òǹgbẹ ń gbẹ wọ́n, ẹ̀rù ń bà wọ́n, àtè ṣì wà lára ìyẹ́ àwọn míràn. Púpọ̀ kú. Àwọn tí ó yè, a fún wọn ní oúnjẹ, a tọ́jú egbò wọn, a sì dúró. Ìdúró ni ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ìyẹ́ apá tí a ti gé kì í dàgbà bí èékánná. Kùkùté rẹ̀ á wà níbẹ̀ títí di ìgbà tí ẹyẹ yóò pa ìyẹ́ dà, èyí sì lè gba ọ̀pọ̀ oṣù. Lẹ́yìn náà ni a ń kó wọn sínú àgò ńlá kí wọ́n tún lè kọ́ fífò, kí a tó ṣí ilẹ̀kùn fún wọn láti padà sínú igbó.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ nípa odídẹrẹ́ tí a gbà là ni bóyá ó lè padà sí ibi tí ó ti wá. Ìbéèrè nípa ẹni tí yóò gbà á sílé ń tẹ̀lé e.

Ẹyẹ tí ó ti dàgbà, tí ìyẹ́ rẹ̀ pé, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, igbó ni ibùgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n igbó wo? Bí ẹnìkan bá rí odídẹrẹ́ onírù pupa tí a gbé láti igbó ẹkùn gúúsù, tí ó sì tú u sílẹ̀ nínú ọ̀dàn Sanson, kò ṣe é lóore. Kò mọ èso ibẹ̀, kò ní ẹgbẹ́ níbẹ̀, ebi tàbí àṣá ni yóò pa á. Ó tún lè gbé àrùn inú àgò lọ bá àwọn ẹyẹ tí ara wọn dá. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí iṣẹ́ títú sílẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n.

Àwọn kan wà tí kò lè padà mọ́ láéláé. Ẹyẹ tí apá rẹ̀ ti kán tí kò jinná dáadáa wà nínú wọn. Èyí tí a ti fi ọwọ́ tọ́ láti kékeré, tí ó rò pé ènìyàn ni òun, wà nínú wọn pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí ó ti lo ogún ọdún nínú àgò. Irú àwọn wọ̀nyí ni ó nílò ilé, wọ́n sì nílò rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Odídẹrẹ́ onírù pupa tí a tọ́jú dáadáa lè gbé ọdún 40 tàbí 60. Ẹyẹ kékeré aláwọ̀ ewé lè gbé ọdún 30. Ẹni ọdún 45 tí ó bá gba odídẹrẹ́ sílé gbọ́dọ̀ mọ̀, ní ọjọ́ tí ó gbà á, ẹni tí yóò jogún rẹ̀ nínú ẹbí. Ewúrẹ́ kò béèrè irú èyí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ohun kejì ni àkókò. Nínú igbó, odídẹrẹ́ kì í dá gbé. Ẹgbẹ́ ni wọ́n fi ń sùn, ẹgbẹ́ ni wọ́n fi ń jẹun, wọn a sì máa pe ara wọn láti orí igi dé orí igi. Bí a bá fi ọ̀kan sínú àgò ní kọ̀rọ̀ ilé, tí gbogbo ará ilé sì lọ sí oko láti àárọ̀ di alẹ́, ọkàn rẹ̀ á bàjẹ́. Yóò máa ké. Yóò máa mi orí síwá sẹ́yìn. Níkẹyìn, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìyẹ́ ara rẹ̀ tu títí àyà rẹ̀ yóò fi di ìhòòhò. Àwọn kan a rò pé kòkòrò ni. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìdánìkanwà ni.

Kì í ṣe àsọdùn láti sọ pé ẹyẹ yìí ní làákàyè. Ní ọdún 1977, obìnrin onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Irene Pepperberg, ra odídẹrẹ́ onírù pupa kan ní ìlú Chicago. Ó sọ ọ́ ní Alex. Fún ọgbọ̀n ọdún, ó kọ́ ọ bí a ti ń kọ́ ọmọ. Alex mọ ọ̀rọ̀ bíi 100. Ó mọ àwọ̀, ó mọ ohun tí ó tóbi àti èyí tí ó kéré, ó sì lè ka nǹkan dé 6. Bí a bá gbé kọ́kọ́rọ́ méjì tí àwọ̀ wọn yàtọ̀ síwájú rẹ̀, tí a bi í léèrè ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀, yóò dáhùn pé àwọ̀ ni. Ó kú ní ọdún 2007. Ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ míràn tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní erékùṣù Tenerife, ní ilẹ̀ Sípéènì, sọ ohun tí wọ́n rí lọ́dọ̀ àwọn odídẹrẹ́ bíi ti Alex. Wọ́n kọ́ àwọn ẹyẹ náà láti fi òrùka irin kéékèèké gba oúnjẹ. Lẹ́yìn náà, wọ́n dí ojú fèrèsé ẹyẹ kan kí ó má lè gba nǹkan, ṣùgbọ́n òrùka wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Èkejì tí fèrèsé rẹ̀ ṣí kò ní òrùka. Ẹyẹ àkọ́kọ́ fi ẹnu gbé òrùka tirẹ̀ fún èkejì, láì rí èrè kankan gbà. Irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń fi sínú àgò tí kò lè na apá méjèèjì.

Bí ẹnìkan bá sì ṣetán síbẹ̀, tí àwọn aṣọ́gbó fọwọ́ sí i, ìtọ́jú náà kò ju agbára ilé kan ní abúlé lọ. Àgò gbọ́dọ̀ tóbi tó kí ẹyẹ lè na apá rẹ̀ láì kan irin. Igi tí yóò dúró lé kò gbọ́dọ̀ rí bákan náà níbi gbogbo, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà ní egbò. Ẹ̀ka igi tútù tí kò ní oró dára fún un láti máa jẹ ní àjẹfọ́, nítorí ẹnu rẹ̀ kì í fẹ́ dúró. Omi mímọ́ gbọ́dọ̀ wà fún mímu lójoojúmọ́, àti omi díẹ̀ nínú àwo fún ìwẹ̀. Ní alẹ́, ó fẹ́ ibi tí ó ṣókùnkùn, tí ó dákẹ́, fún wákàtí 10 sí 12. Ilé tí rédíò ti ń ké di ọ̀gànjọ́ kò bá a lára mu.

Ní ti oúnjẹ, àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni láti fún un ní ẹ̀pà àti ọkà nìkan. Yóò jẹ ẹ́, yóò sanra, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò ní le. Ó nílò èso àti ewé: mángòrò, ìbẹ́pẹ, ata pupa, àgbàdo tútù, ẹ̀fọ́ tí a fọ̀ dáadáa. Odídẹrẹ́ onírù pupa fẹ́ràn ẹyìn ọ̀pẹ gan-an, ohun tí ó ń jẹ nínú igbó nìyẹn. Píà òyìnbó lè pa á. Ṣokoláàtì, kọfí, ọtí àti oúnjẹ oníyọ̀ kò dára fún un. Ó tún yẹ kí a sọ̀rọ̀ nípa èéfín. Èéfín tètè máa ń pa ẹ̀dọ̀fóró ẹyẹ lára ju ti ènìyàn lọ. Àgò tí ó wà lẹ́bàá ààrò, níbi tí a ti ń fi igi dáná, ń pa ẹyẹ díẹ̀díẹ̀ láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

Ara ènìyàn náà ní ẹ̀tọ́. Àrùn kan wà tí odídẹrẹ́ lè kó ran ènìyàn, tí àwọn dókítà elédè Faransé ń pè ní psittacose. Eruku ìgbẹ́ gbígbẹ àti ti ìyẹ́ ni ó máa ń gbé e wọ imú. Ibà, orí fífọ́ àti ikọ́ ni ó máa ń mú wá, a sì lè rò pé ibà lásán ni. Oògùn wà fún un, bí dókítà bá mọ̀ pé odídẹrẹ́ wà nílé. Ìdí nìyí tí ó fi dára láti gbé ẹyẹ tuntun lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, kí a sì yà á sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ adìyẹ àti ẹyẹ míràn fún oṣù kan ó kéré tán. Kí a máa da omi sí ìgbẹ́ kí a tó gbá a. Kí ọmọdé máa fọ ọwọ́. Ọmọdé tún gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹnu tí ń fọ́ ẹyìn kò ní ṣòro fún láti fọ́ ìka.

Ẹyẹ tí ènìyàn ti ṣe níkà kì í tètè gbàgbé. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bí a bá na ọwọ́ sí i, yóò han tàbí kí ó gé ni jẹ. Kí a jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àgò, kí a máa ṣe iṣẹ́ tiwa, kí a máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Kí a fi èso díẹ̀ sílẹ̀, kí a sì kúrò. Ní ọjọ́ kan, ó lè pẹ́ tó oṣù mẹ́ta, yóò gba èso náà lọ́wọ́ wa. Bí ó bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ohun tí ó bá gbọ́ jù ni yóò sọ. Tọkọtaya tí kò fẹ́ kí àlejò mọ ohun tí wọ́n fi ń jà yẹ kí wọ́n ro èyí dáadáa kí wọ́n tó gba ayékòótọ́ sílé.

Ọmọ ẹyẹ tí ó wà nínú aṣọ ọmọ ọdún 10 yẹn kò tíì dé ibi gbogbo ìwọ̀nyí. Ohun tí bàbá rẹ̀ lè kọ́kọ́ ṣe ni kí ó fi í sínú páálí tí aṣọ wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ó gbé e sí ibi tí kò tutù, tí oòrùn kò sì dé. Kò gbọ́dọ̀ da omi sí i lẹ́nu, nítorí omi náà lè wọ ẹ̀dọ̀fóró. Kò gbọ́dọ̀ fi búrẹ́dì àti wàrà bọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, kí ó padà lọ wo oko. Òbí ẹyẹ kì í kọ ọmọ rẹ̀ nítorí pé ọwọ́ ènìyàn kàn án, bí àwọn kan ti ń sọ. Bí wọ́n bá ṣì ń fò káàkiri níbẹ̀ tí wọ́n ń ké, wọ́n ń wá a ni.

Bàbá lè gé apá igi tí ihò náà wà, kí ó fi okùn lílágbára dè é ní òró mọ́ igi tí ó wà nítòsí, ní ibi gíga tí ajá kò lè dé, kí ó sì dá ọmọ ẹyẹ padà sínú rẹ̀. Igi tí ó so ó mọ́ náà ni kí ó yọ kúrò nínú àwọn tí yóò gé ní ọdún yìí. Ebè díẹ̀ ni yóò pàdánù òòrùn nítorí rẹ̀. Kí òun àti ọmọ rẹ̀ wá jókòó sí òkèèrè, lábẹ́ igi kajú, láì sọ̀rọ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí kò sí ẹyẹ kan tí ó bà lé igi náà, kí wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀, kí wọ́n sì ké sí àwọn aṣọ́gbó ní Tchaourou. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá rí ẹyẹ aláwọ̀ ewé kan tí ó bà lé ẹnu ihò, tí ó wo ọ̀tún, tí ó wo òsì, tí ó sì rọra wọlé, kí bàbá di ọwọ́ rẹ̀ mú, kí wọ́n gba ọ̀nà ilé lọ.